Òdòdó Orí Yangí ní Manigri

Ó ti pẹ́ tí Fádà ti ń bẹ̀ mí pé kí n kọ díẹ̀ sí ojú-ewé ìdílé yìí nípa ìrìn-àjò tí mo rìn lọ sí Bassila àti Manigri. Èmi ni mo ń sún un síwájú, nítorí pé ìrìn-àjò náà kì í ṣe ti afẹ́ lásán. Gbèsè kan wà tí mo jẹ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2002, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì láya. Òdòdó ni mo jẹ ní gbèsè. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rò ó bí ó ti rí.

Ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni mo lọ, èmi àti ọmọ mi obìnrin tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tí ó bá ti Cotonou lọ yóò gba Bohicon, yóò sì dé Dassa-Zoumé, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń bá àwọn ẹlẹ́sìn wa lọ sí ihò àpáta Màríà Wúndíá nínú oṣù Kẹjọ. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa máa ń parí ìrìn-àjò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan yà níbẹ̀ sí apá òsì, ó lọ sí Savalou, ó gba Bantè kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Bassila kí ó tó forí lé Djougou. Ọkọ̀ wa kún dé ojú fèrèsé. Ìyá kan gbé adìyẹ mẹ́ta lé ẹsẹ̀ ọmọ mi láì béèrè, nígbà tí a ó sì fi dé Bantè, wọ́n ti di ọ̀rẹ́, ìyá náà àti ọmọ mi ni mo wí, kì í ṣe àwọn adìyẹ.

Bassila wà ní ẹkùn Donga, tí wọ́n yọ kúrò lára Atacora ní 1999. Bí ẹ bá gbọ́ pé apá àríwá ni, ẹ má rò pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Igbó ìjọba wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì: ti Bassila fúnra rẹ̀, ti Pénéssoulou, àti ti Monts Kouffé. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá. Iṣu wọn tóbi, oko kajú wọn sì ń gbòòrò sí i lọ́dọọdún. Èdè Anii ni èdè àwọn onílẹ̀ Bassila, ṣùgbọ́n lọ́jà ẹ ó tún gbọ́ Nàgó, ẹ ó gbọ́ Kotokoli, ẹ ó gbọ́ ti àwọn Fúlàní darandaran. Ní Manigri tí kò jìnnà sí i, Nàgó ni wọ́n. Èdè wọn àti ti àwọn ará Kambolé ní ilẹ̀ Togo, ọ̀kan náà ni. Ará Kétu bí èmi yóò kọ́kọ́ dẹtí sílẹ̀, yóò máa wo ẹnu olùsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó jẹun alẹ́ tán, ó ti ń gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ ní agbègbè náà. A sì jọ ń gbé ní ìrọ̀rùn, ẹ ó rí i níwájú.

Ibo wá ni aṣálẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Láàárín gbogbo igi wọ̀nyẹn, ẹ ó ṣàdédé bọ́ sí ojú kan tí kò sí igi rárá, pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n sán ní kọnkéré, ó pupa, ó dúdú díẹ̀díẹ̀, ó sì le koko. Yangí ni. Gbogbo yín mọ yangí, àwọn bàbá ńlá wa fi kọ́ ògiri, ẹ sì mọ ohun mìíràn tí wọ́n máa ń fi í ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé, èyí tí n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1807, Francis Buchanan, ọkùnrin ará Scotland kan, ròyìn bí àwọn ará Malabar ní Íńdíà ti ń gé irú ilẹ̀ yìí bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì ń fi í kọ́lé, ó sì sọ ọ́ ní laterite, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan, later, tí í ṣe bíríkì. Látìnì tí mo kọ́ ní séminaire kò tíì wúlò fún mi níbi púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yọ̀ lórí èyí.

Bí yangí ṣe ń di yangí nìyí. Òjò àti oòrùn ilẹ̀ wa ń fọ ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Omi a máa gbé ohun tí ó rọrùn láti yọ́ lọ, irin àti àwọn nǹkan mìíràn tí kì í tètè yọ́ a sì ṣẹ́kù. Irin náà dípẹtà, ìdí nìyẹn tí ó fi pupa. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ rírọ̀ àti igi bá ṣì wà lórí rẹ̀, wàhálà kò sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé igi kúrò, bí àgbàrá bá gbá erùpẹ̀ òkè lọ, tí oòrùn sì rí ara yangí náà, ó di òkúta pátápátá. Àwọn Fúlàní ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀ ní bowal. Bí ó bá pọ̀, bowé ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé mú ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì wà nínú ìwé títí dòní. Àwọn onímọ̀ ti Yunifásítì Abomey-Calavi ti ṣèwádìí púpọ̀ lórí bowé ní orílẹ̀-èdè wa, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ó ń gbilẹ̀, nítorí oko tí a ń ro láì jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi àti igi tí a ń gé.

Ẹ lọ dúró lórí yangí ní ọ̀sán oṣù Kejì, bàtà rọ́bà yín yóò gbóná mọ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ padà lọ ní oṣù Kẹjọ, omi yóò dúró lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò níbi tí yóò wọ̀ sí, oòrùn á sì tún fà á gbẹ. Ó rẹ, ó gbẹ, ó rẹ, ó gbẹ. Ohun ọ̀gbìn tí yóò gbé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n ará aṣálẹ̀.

Àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ sí ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù máa ń ra nǹkan kan bọ̀ nílé tí wọ́n ń pè ní rósì Jẹ́ríkò. Ní aṣálẹ̀, láti Sàhárà títí dé ilẹ̀ Palestine, ni ó ti ń hù. Bí ó bá ti so èso tán, yóò gbẹ, yóò ká ara rẹ̀ kò bí ìkúùkù ọmọdé, yóò sì di ọmọ rẹ̀ mú sínú títí òjò yóò fi rọ̀. Bí omi bá kàn án, ó là, ẹ̀kán òjò á sì gbọ́n irúgbìn rẹ̀ dànù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé e sínú àwo omi nínú yàrá, tí gbogbo ilé sì ń pàtẹ́wọ́. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkú ni, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ka gbígbẹ ni ó ń mu omi tí ó sì ń nà, kò tún ní yọ ewé mọ́ láé.

Òdòdó ti Manigri kò rí bẹ́ẹ̀, alààyè ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Costus spectabilis. Ará Austria kan, Fenzl, ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn náà ni ará Jámánì kan, Schumann, fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí dòní. Àwọn ọmọ ìjọ wa nígbà náà kàn ń pè é ní òdòdó ilẹ̀ ni. Ìdílé tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ni ó ti wá, ẹ sì mọ tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún: etí omi ni ilé rẹ̀, ó ga, ó tutù, omi ni ó kún inú igi rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ yìí kò ní igi rárá. Ní gbogbo ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ò ní rí i. Iná ìgbẹ́ á jó kọjá lórí rẹ̀, ọyẹ́ á fẹ́, màlúù á tẹ ilẹ̀ náà, òun wà nísàlẹ̀ nínú gbòǹgbò tó wú bí atalẹ̀, ó dákẹ́. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ewé mẹ́rin á yọ, wọn á fẹ̀ lulẹ̀, pẹrẹsẹ, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀. Láàárín ewé mẹ́rin náà ni òdòdó ti ń yọ, láì ní ọrùn, láì ní ọ̀pá, ńlá, àwọ̀ ìyeyè, ó fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹ bá mí sí i, ó ń gbọ̀n. Bí ó bá là láàárọ̀, nígbà tí ọjọ́ náà bá fi rọ̀, ó ti rọ. Ní ọjọ́ kejì, òmíràn lè là ní ojú kan náà.

Kì í gbé orí yangí gan-an, ibi tí kò sí erùpẹ̀ kankan. Etí rẹ̀ ni ó fẹ́ràn, níbi tí erùpẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́kù lórí òkúta, tí koríko kò fi lè ga bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ó ń hù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pápá Áfíríkà, ṣùgbọ́n ní àgbègbè kan ṣoṣo, ẹ lè rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ẹ tó rí ibi tí ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Nàìjíríà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wo àmì ìjọba wọn dáadáa: idì pupa lókè, asà dúdú láàárín, ẹṣin funfun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìsàlẹ̀, nínú koríko, òdòdó wà níbẹ̀. Òun nìyẹn. Òdòdó orílẹ̀-èdè wọn ni. Ohun tí ó ya mí lẹ́nu ni pé pupa ni wọ́n kùn ún nínú ọ̀pọ̀ àwòrán náà, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọ̀ ìyeyè ni Ọlọ́run fún un.

Mo wá dé ibi ọ̀rọ̀ mi báyìí. Ní 2002, wọ́n rán mi lọ ṣe ọdún kan ní ìjọ kékeré kan ní agbègbè Bassila, láti kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísì. Mo gba yàrá ní Manigri lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan, Mùsùlùmí rere, tí kì í jẹ́ kí n jẹun alẹ́ nìkan. Ọdún Ara Olúwa bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà lọ́dún náà. Mo fẹ́ kí ó dára. Mo fẹ́ kí Fádà tí ń bọ̀ láti òkèèrè rí i pé olùkọ́ tuntun yìí mọṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé a máa da òdòdó sílẹ̀ níwájú Sákrámẹ́ntì Mímọ́. Mo ti rí òdòdó àwọ̀ ìyeyè wọ̀nyẹn ní etí yangí nígbà tí mo ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ó lé. Ní ìdájí ọjọ́ Sunday náà, mo kó ọmọ mẹ́rìndínlógún lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n rọ́bà méjì.

Nítorí pé òdòdó náà kò ní ọrùn, ọmọdé kò rí ibi tí yóò dì í mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀bẹ àti igi wa á. Ewé, òdòdó, gbòǹgbò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tú. Mo rí i. N kò sọ̀rọ̀. Aago ni mo ń wò. Ọpọ́n méjèèjì kún, a kọrin padà sílé. Nígbà tí ìtò náà fi bẹ̀rẹ̀, òdòdó ti rọ mọ́ra bí tákàdá tó bọ́ sómi, ewé mángòrò ni a padà já láti fi kún un. A kó ìyókù dà sẹ́yìn ilé ìsìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá onílé mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní, “Ẹ kú ọdún àná, ọmọ mi. Mo gbọ́ orin yín, ó dùn.” Mo dúpẹ́. Ó tún dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ewé mángòrò yẹn, ṣé Ọlọ́run kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ òun nìkan ni?” Mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹnu mi kò gbà á. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ọmọ kékeré, tí bàbá òun bá rí òdòdó yẹn, ni ó tó mọ̀ pé òjò ti fìdí múlẹ̀, pé a lè gbin nǹkan láì bẹ̀rù. “Ẹ ti wa kàlẹ́ńdà wa, ọmọ mi.” Kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún mi. Ohun tí ó béèrè kẹ́yìn ni ibi tí a da gbòǹgbò wọn sí. Mo fi hàn án. N kò béèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, ojú ń tì mí.

Ọdún mi pé kí òjò ọdún kejì tó dé, wọ́n sì pè mí padà. Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ̀ ni ó bá a kọ èsì. Lẹ́yìn náà, ìgbéyàwó, ọmọ, iṣẹ́, ẹ mọ bí ayé ti rí. Ní 2019 ni mo gbọ́ pé bàbá náà ti lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, mo ń fi ọ̀jọ́ ọdún Ìjọ sí ara kàlẹ́ńdà fún àwọn ọmọ katikísì wa, mo rí i pé Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 2002, àti pé Ara Olúwa yóò tún bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà. N kì í ṣe ẹni tí ń wá àmì káàkiri. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé mò ń lọ sí Manigri. Ó ní kí n mú ọmọ wa dání, kí ẹnì kan lè máa rán mi létí láti jẹun.

Zémídjan méjì ni ó gbé wa láti Bassila. Etí ọ̀nà ni mo ní kí wọ́n já wa sí, nítorí mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ kí n tó wọ ìlú. Mo rìn síwájú, mo rìn sẹ́yìn. Mo rò pé mo ti gbàgbé ni. N kò gbàgbé. Kòtò ni mo bá níbẹ̀, ó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, omi pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àmì táyà ọkọ̀ akẹ́rù sì wà ní gbogbo etí rẹ̀. Wọ́n ti wa yangí náà lọ fún ọ̀nà àti ilé. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí, nítorí orí ọ̀nà dáradára ni a gbà wá, yangí ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. A yí gbogbo etí kòtò náà ká. Ní apá tí ó kọjú sí oko kajú ẹnì kan, ọmọ mi pè mí. Òdòdó méjì. Màlúù ti tẹ ewé ọ̀kan. Ó béèrè pé ṣé òun lè fọwọ́ kàn án. Mo ní rárá, ohùn mi sì le ju bí mo ti fẹ́ lọ, mo ní láti bẹ̀ ẹ́.

A wọ ìlú. Ìyàwó bàbá náà wà láàyè, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó dá ohùn mi mọ̀ kí n tó kúnlẹ̀ tán. Ó ní, “Ṣé ọmọ tí ń kọrin nínú yàrá nìyí?” Wọ́n fún wa ní omi, wọ́n fún wa ní iyán. Mo kó ẹ̀bùn tí mo mú wá sílẹ̀. Mo wá sọ ìdí tí mo fi wá, mo sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ewé mángòrò. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní bàbá sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún gbogbo ìlú, inú rẹ̀ dùn sí i tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ mú wa lọ sẹ́yìn ilé. Yangí yọ sókè níbẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, erùpẹ̀ sì wà ní gbogbo àyíká rẹ̀, wọ́n fi òkúta tò ó yí ká nítorí ewúrẹ́. Ní ọjọ́ Monday yẹn ní 2002, lẹ́yìn tí mo ti jáde lọ, bàbá lọ sí ibi ààtàn wa pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ó ṣa gbòǹgbò tí kò tíì kú. Ìyá náà ní òun bínú sí i lọ́jọ́ náà, pé iṣu ni ó yẹ kí ó máa gbìn. Púpọ̀ kò hù. Àwọn tí ó hù ni ó ń jáde lọ́dọọdún, ọmọ bàbá sì ti ń wò wọ́n kí ó tó gbin àgbàdo rẹ̀.

A dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kò tíì le. Oyin ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ọmọ mi jókòó lórí òkúta, ó kà wọ́n, ó ní mẹ́sàn-án ni. Ìyá náà, láti inú ilé, ní kí ó tún un kà, pé ọ̀kan máa ń wà lẹ́yìn ìkòkò.